Àwọn Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Bí ẹ bá wọ Ìlobù láti Òṣogbo, tí ẹ wá ń bèèrè ilé Ọnọ́rébù Ọlábánjí Adéjọbí, ẹnikẹ́ni ò ní dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ilé náà o. Ta ló máa ní òun ò mọ ilé alájà méjì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí ère kìnnìún méjì jókòó sẹ́nu géètì rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn jọ ajá nítorí pé ẹni tó mọ ọ́n ò rí kìnnìún rí láyé? Orúkọ ni ẹjọ́ wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n júwe ọ̀nà fún yín, ẹ ní láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé àwọn ńkọ́?" Ẹni tí ẹ bi á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì nawọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọlábánjí ń ta páànù ìkọ́lé, Bánjí ni tàgbà tèwe ń pè é, ó sì ń dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà àkọ́kọ́, ó di Ọnọ́rébù. Kó tó padà síbẹ̀ nígbà kejì, wọ́n ti fi í joyè, ó di Olóyè Ọnọ́rébù. Níbi ìdúpẹ́ ìwọlé ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni Bàbá Àyànlọ́lá, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tó bá bàbá Ọlábánjí ṣe ẹgbẹ́, ti dìde láti wúre fún un. Ó ní, "Bánjí ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. O ò ní tẹ́." Gbogbo èrò ṣe àmín. Ọnọ́rébù nìkan ni kò ṣe é. Ojú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ bàbá náà.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa!" ó ní. "Ẹ̀yin ènìyàn àtàtà! Ẹ̀yin òpómúléró ìjọba àwaarawa! Orúkọ kì í ṣe ẹ̀pà sísè tí gbogbo ẹnu ń jẹ kiri. Bí ẹ bá ń lo orúkọ wa láàárọ̀, tí ẹ lò ó lọ́sàn-án, tí ẹ tún lò ó lálẹ́, ṣé kò ní gbó mọ́ wa lọ́wọ́? Láti òní lọ, a ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wa lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. 'Àwọn' ni kí ẹ máa pè wá. Bí ẹ bá ti ní àwọn ń bọ̀, ayé á mọ̀ pé àwa ni. Ta tún ni ì bá jẹ́?"

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dá ẹni tó di gbohùngbohùn mú lóhùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọnọ́rébù tóbi, kò tètè mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ èdè wa. A kì í pe àgbà ní "ó". "Wọ́n" là ń pè é, bí ẹni pé ẹni kan ṣoṣo náà pọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Ọnọ́rébù nìkan ló gbà pé òun pọ̀ lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní "àwa" títí dé inú yàrá. Bó bá ti òde dé, á ní, "Ebi ń pa wá o." Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Jùwọ́n, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù, á yọjú láti ilé ìdáná, á bi í pé, "Kí n bu ti èèyàn mélòó?"

Ẹni tó wá sọ àṣẹ náà di òfin ni Jàlálù, ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù. Iṣẹ́ tí Jàlálù ń ṣe gan-an ò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wásáàpù, tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀. "Àwọn ti jí o." "Àwọn ti mu tíì." "Àwọn ń ronú nípa yín." Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà á fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ pé, "Àwọn sín," wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn báyìí. Láàárín oko Ìlobù àti oko Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, odò kékeré kan wà tí a ń pè ní Odò Ọ̀pọ̀lọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, adìẹ lè rìn ín kọjá. Bí òjò bá dé, á ya wèrè. Afárá tó wà níbẹ̀ ti bá àgbàrá lọ láti ìgbà tí Ọnọ́rébù kọ́kọ́ wọlé. Lódìkejì odò náà ni àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí wà. Ará Ìlobù ń bẹ níbẹ̀, ará Ìfọ́n ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó kó wọn jọ ni Hàfúsátù Sàlàkọ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Fàwáz. Ọmọ Ìlobù ni, ará Ìfọ́n ló fẹ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kì í pariwo, kì í sì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ òjò kan, Husnah, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ru ẹ̀gẹ́ bọ́ sínú odò náà, ó pọn ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Apá rẹ̀ kán, ọ̀já tú, ọmọ bá omi lọ. Ìyá Fàwáz ló bẹ́ sómi, tó gbá ọmọ náà mú lẹ́sẹ̀ níbi tí koríko ti dá a dúró. Ọmọ náà ké, gbogbo wọn sì bá a ké. Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ti ń ṣú, àyà Ìyá Fàwáz á máa já. Ó mọ̀ pé bí wọn ò bá ṣe afárá náà, ọmọ mìíràn á bá omi lọ, koríko sì lè má sí níbẹ̀ láti dá a dúró. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, n kì í fi ibẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Ni òun àti Husnah, tó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, bá gba ilé Ọnọ́rébù lọ. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnnìún tó jọ ajá títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wọlé, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, àwọn," ni Ìyá Fàwáz wí, bí òfin ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí Ọnọ́rébù lọ́mọ. "Ọ̀rọ̀ afárá Odò Ọ̀pọ̀lọ́ la bá wá. Ẹ dákun, ẹ bá wa ṣe é kí òjò tó tún dé."

Ọnọ́rébù gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. "Màmá, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ ò mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Odò yẹn, orí ilẹ̀ ta ló wà? Bí a bá ṣe afárá síbẹ̀, Ìlobù á ní a gbé ilẹ̀ àwọn fún Ìfọ́n. Ìfọ́n á ní a gbé ilẹ̀ àwọn fún Ìlobù. Ìjà tí àwọn àgbà ti pẹ̀tù sí á tún rú yọ. Nítorí àlàáfíà la ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Afárá tó wó yẹn gan-an ni àlàáfíà wa!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Jàlálù kígbe láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ má bínú o," ni Ìyá Fàwáz wí. "Nígbà tí ọmọ Husnah ń bá omi lọ, kò bi wá pé ilẹ̀ ta ni."

Inú Ọnọ́rébù ò dùn sí èyí. "Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn ni? Tó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹ wá gba ipò wa, kẹ́ ẹ fi ṣe é!"

Jàlálù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n fún àwọn obìnrin méjèèjì ní abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ojú Ọnọ́rébù wà lára rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Fàwáz fi dúró. "Husnah, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ká wá gbà á."

"Màmá, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni o."

"Mo mọ̀. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí."

Ẹgbẹ́ Aláago ni ẹgbẹ́ òṣèlú Ọnọ́rébù. Wọ́n ti pẹ́ lórí àlééfà débi pé aago ara ògiri tó wà nínú ọ́fíìsì wọn ti kú, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàkíyèsí. Ibẹ̀ ni Ìyá Fàwáz kọ́kọ́ lọ, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ lòun náà. Gààrí tirẹ̀ ni wọ́n ń mu nípàdé. Alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Oyèwùmí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún un pé kò sí ìdìbò abẹ́lé mọ́, pé ìfẹnukò ti wáyé. Ìyá náà bèèrè àwọn tó fẹnu kò. Oyèwùmí wúkọ́. Ká sọ òótọ́, inú pálọ̀ Ọnọ́rébù ni ìfẹnukò náà ti wáyé, láàárín Ọnọ́rébù àti Jàlálù. Ọnọ́rébù dábàá ara rẹ̀, Jàlálù sì gbè é lẹ́yìn.

Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ìyá Fàwáz kọrí sí ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Oníṣíbí. Ẹ lè má mọ ẹgbẹ́ náà; díẹ̀ ló kù kí àwọn náà má mọ ara wọn. Zàíd, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìfọ́n, ni alága, òun ni akọ̀wé, òun sì ni èrò. Nígbà tí ìyá náà ní òun fẹ́ fi àmì ṣíbí jáde du ipò, Zàíd gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá," ó ní, "ẹ ti sọ wá di méjì!"

Ọnọ́rébù gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oyèwùmí ní tirẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti rí ìdìbò púpọ̀ láyé. Ó pe ìpàdé, ó ní òun ní ọgbọ́n kan.

"Tí a bá dé Ìlobù, ká sọ pé ìyàwó Ìfọ́n ni. Tí a bá dé Ìfọ́n, ká sọ pé ọmọ Ìlobù ni. Kò ní rí ibì kankan fẹ̀yìn tì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Jàlálù kéde rẹ̀ níhìn-ín, ó kéde rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn ará Ìlobù dáhùn pé, "Ọmọ wa tó wà nílé ọkọ tí kò gbàgbé ilé? Ọlọ́run á bá wa dá a sí." Àwọn ará Ìfọ́n ní, "Ìyàwó wa gidi ni. Ó ti bímọ fún wa, kò sì jà rí." Láti ìgbà tí ìlú méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jọ ń sọ pé tàwọn ni láìbú ara wọn. Jàlálù padà lọ jábọ̀ pé ọgbọ́n náà ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ ìyá náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lẹ àwòrán mọ́ gbogbo ògiri. Oyèwùmí ní kí wọ́n kọ orúkọ olùdíje sí i kedere. Ọnọ́rébù ní rárá, orúkọ òun kì í ṣe ohun à ń lẹ̀ mọ́ ògiri tí ewúrẹ́ ń fi ara ha. Wọ́n wá tẹ ojú rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÀWỌN LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ fọ ojú náà dànù, nítorí ẹni tí Jàlálù gbé iṣẹ́ náà fún ti bu omi lu ọ̀dà tó fi tẹ ojú náà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni Jàlálù wí. "Ojú yín ti ju ohun tí bébà lè gbé lọ."

Nígbà tó yá, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ya ṣíbí síbi tí ojú Ọnọ́rébù wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjà Ìlobù títí dé àárín Ìfọ́n, ṣíbí lókè, ÀWỌN LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I nísàlẹ̀. Ọnọ́rébù, tí kò mọ àmì ẹgbẹ́ kankan àfi tirẹ̀, ní kí Jàlálù túmọ̀ rẹ̀. Jàlálù mọ ohun tó jẹ́. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó wo mọ́tò tí ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ kó wà, ó sì gbé ìtumọ̀ tó máa pé òun kalẹ̀.

"Wọ́n ní abẹ́ yín làwọn ti ń rí jẹ ni o."

Ọnọ́rébù mi orí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó kù ni ìwádìí. Oyèwùmí ní kí Jàlálù lọ láti ilé dé ilé, kó bi àwọn èèyàn ní ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún, kí ẹgbẹ́ lè mọ ibi tí wọ́n á gbé agbára sí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e díẹ̀.

Ó bá Bàbá Àyànlọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Bàbá, ta lẹ máa dìbò fún?"

"Jàlálù, ìwọ náà tún ń bèèrè? Àwọn náà ni."

Ó dé agbo ilé kan ní Ìfọ́n. "Àwọn kúkú ni," ni wọ́n wí. "Ta la tún ní?"

Ó dé bèbè Odò Ọ̀pọ̀lọ́, ó bá Husnah tó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kejì tí kò kán. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ni o. A ò ní ẹlòmíràn."

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ pé àwọn èèyàn wa purọ́. Èèyàn kan ṣoṣo ò purọ́ níbẹ̀. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó fa ọmọ ọlọ́mọ yọ nínú omi, ta ló fẹ́ pè é ní "ó"? Àwọn ni àwọn ń jẹ́ kí Ọnọ́rébù tó dáyé. Ọnọ́rébù ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, tó wá lọ dúró sínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo àgbà ń gbé. Àbí ẹ̀bi ta ni?

Ìyá Jùwọ́n gbìyànjú láti kì í nílọ̀. "Bàbá Jùwọ́n, mo gbọ́ lọ́jà tí wọ́n ń pe Ìyá Fàwáz náà ní àwọn o."

"Ẹ̀tọ́ àgbà ni," ni Ọnọ́rébù wí, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Àwọn kéékèèké nìyẹn. Àwọn ńlá ni tiwa."

Nígbà tí èsì ìwádìí dé iwájú ẹgbẹ́, ayọ̀ kún inú wọn. Wọ́n ní kò sí ìdí láti polongo ní ẹkùn ìdìbò wa mọ́. Wọ́n kó mọ́tò, àga àti àwọn tó máa ṣọ́ àpótí lọ síbi tí nǹkan ti le. Oyèwùmí fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó jókòó. Ìyá Fàwáz ń rìn láti abúlé dé abúlé ní gbogbo àsìkò yìí. Ó ń kí èèyàn, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: afárá. Ọnọ́rébù dúró sílé, ó ń fi dígí kọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa sọ. Àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù wá ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Ọnọ́rébù wọ funfun, ó kọjá gbogbo ẹni tó tò, ó lọ dúró níwájú ọ̀dọ́bìnrin agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Divine, tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Divine kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ wá.

"Ojú wa ni káàdì wa," ni Ọnọ́rébù wí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ mú káàdì wá. Orúkọ yín ńkọ́?"

Ọnọ́rébù wo Jàlálù. Jàlálù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún Divine wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àwọn ni." Divine wo inú ìwé, ó wo ẹ̀rọ, ó ní kò sí Àwọn níbẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnìkan kàn bá òun dárúkọ wọn. Àwọn tó tò wo ara wọn, olúkúlùkù sì wo ilẹ̀, nítorí òfin ni òfin. Ká ní Ọnọ́rébù sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kó sì rán ẹnìkan lọ mú káàdì wá láti ilé, ì bá dìbò. Ṣùgbọ́n ó yí agbádá lé èjìká, ó ní òkun ò nílò ẹ̀kán omi kan, ó sì kọrí sílé láìdìbò fún ara rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n kéde èsì. Ọnọ́rébù ò lọ síbẹ̀. Ó ní oòrùn kì í lọ wo ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú agbádá tuntun nígbà tí ariwo sọ lójú títì.

"Wọ́n ti wọlé o! Àwọn ti wọlé!"

Èrò Ìlobù ń bọ̀, èrò Ìfọ́n ń bọ̀, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Jàlálù, tí irọ́ ara rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ti wọlé o, àwọn!" Ọnọ́rébù jáde sí bàlùkóní, ó nawọ́ sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ì bá ti bú sẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín. Àwọn èèyàn tiwa, wọ́n kọ́ wọn nílé. Bí àgbà bá nawọ́ sókè, wọ́n ń dúró. Wọ́n dúró.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa!" ni Ọnọ́rébù ké. "A ti gbọ́ igbe yín! Ìka yín ti sọ ohun tí ẹnu yín bu ọlá fún! Kì í ṣe àwa lẹ dìbò fún, ọ̀la lẹ dìbò fún!"

"Òótọ́ ni," ni ẹnìkan sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú èrò.

"Obìnrin kan wà tó ní òun fẹ́ gba ipò wa. A ti dárí jì í. Ẹ bá wa sọ fún un pé kó gbájú mọ́ gààrí rẹ̀. Inú wa ò bàjẹ́ sí i!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àánú ló jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Àyànlọ́lá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́ fún un. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ yín dùn púpọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá, ká jọ lọ kí wọn."

"Ká lọ kí ta?"

"Ká lọ kí àwọn."

"Ṣebí àwa rèé níhìn-ín?"

"Rárá o. Àwọn."

Ọnọ́rébù di irin bàlùkóní mú. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Àwọn wo?"

"Àwọn Ìyá Fàwáz ni," ni bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "A sọ fún Jàlálù. Gbogbo wa la sọ fún un."

Ọnọ́rébù yíjú sẹ́yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Jàlálù ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Mo ti fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀ láti òkè títí dé ibí, ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú agbádá tuntun, tó ń sunkún, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìyá Jùwọ́n jókòó tì í. Ó jẹ́ kó sunkún tán.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ lọ kí wọn lónìí. Bí ẹ ò bá lọ lónìí, ẹ ò ní lè gba ọjà kọjá lọ́la."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà nídìí gààrí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin ò mọ̀ pé wọ́n wọlé ìbò."

"Kí wọ́n gbé mọ́tò wá."

"Mọ́tò wo ló fẹ́ gba Odò Ọ̀pọ̀lọ́ kọjá?"

Òjò ti rọ̀ sẹ́yìn oko, odò náà sì ti kún. Ọnọ́rébù dé etí omi, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò. Èrò tó ti ṣáájú rẹ̀ kọjá dúró lódìkejì, wọ́n ń wò ó, wọn ò sọ nǹkan. Ọdún mẹ́jọ ló fi jẹ́ aṣòfin wọn, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan omi yẹn rí. Ó bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, omi wọ inú agbádá, agbádá wú, ó sì ń fà á lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀, kò rí i.

"Ẹ gbà mí o!" ni Ọnọ́rébù ké. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé ẹ gbà wá. Ẹni tí omi ń gbé lọ tètè ń mọ iye tí òun jẹ́.

Ìyá Fàwáz ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá agbádá náà mú lẹ́yìn ọrùn, ó wọ́ ọ jáde, ó fi ìró gbígbẹ bò ó, ó sì mú un jókòó nídìí iná. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ara Ọnọ́rébù móoru díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí eruku.

"Ẹ kú oríire, Màmá."

"Ọlọ́run á ṣe é ní tìrẹ náà. Dìde, Bánjí." Ìyá náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Má bínú o, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan, torí ìwọ lo ti wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n ṣe afárá, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ bá? Kí ni wọ́n ń sọ fún un?"

Bánjí la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tó ní ló wá sí i lọ́kàn, ó sì wò wọ́n, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ mọ́ afárá. Ó wo odò. Ó wo ọmọ Husnah tó ń fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

"Màmá," ó ní, "mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè rí."

Ìyá Fàwáz ń ro gààrí lọ.

"Kò burú," ó ní. "Èmi náà ò mọ̀. Àmọ́ èmi á bèèrè."